Ṣé o mọ̀? Àmì-ẹ̀yẹ ogun Ìjẹ̀bú

Ṣé o mọ̀ pé ogun Ìjẹ̀bú ọdún 1892 wà lára àwọn ìjà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì torí ẹ̀ fi àmì-ẹ̀yẹ sí àyà ọmọ ogun rẹ̀? Colonel Francis Scott ló ṣáájú wọn láti Èkó. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, ní Ìmàgbọ̀n, ìbọn Maxim fọ́n àwọn jagunjagun Ìjẹ̀bú ká.

Orí Ọbabìnrin Victoria wà lójú kan àmì náà. Lójú kejì, àwọn sójà ń bá ọmọ Áfíríkà jà nínú igbó. Rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó ní ìlà dúdú. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lókè àmì náà ní “1892” lára.

Ohun tó ń dùn mí nìyí: fàdákà ni ti sójà, idẹ ni ti aláàárù, bẹ́ẹ̀ ọta kan náà ló ń fò lórí àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin ará Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó, bí irú rẹ̀ bá wà nínú àpótí bàbá yín àgbà, ẹ wo etí rẹ̀ yíká: ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó gbà á sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.