Jákẹ́ẹ̀tì softshell: Báwo ni wọ́n ṣe ń dán an wò kó tó dé ọrùn ẹni tó ń gun òkè?

Ben Nevis ní Scotland ni òkè tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Bìrìtìkó. Mítà 1,345 ni gíga rẹ̀. Ẹni tó bá ń gùn ún lè fi oòrùn sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kó lọ bá òjò àti afẹ́fẹ́ líle lókè. Àmọ́ òjò nìkan kọ́ ló ń kó ènìyàn sí wàhálà níbẹ̀. Òógùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí aṣọ bá sé òógùn mọ́ra, tí ẹni náà sì dúró sinmi, ọ̀rinrin yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ooru kúrò lára rẹ̀. Nǹkan bí 37°C ni ara ènìyàn sábà máa ń wà. Tó bá ti wálẹ̀ kọjá 35°C, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn.

Nítorí èyí ni wọ́n fi ń ṣe jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní softshell.

Kí ló yà á sọ́tọ̀ sí aṣọ òjò?

Òwú náílọ́ọ̀nù tàbí pọ́líẹ́sítà ni wọ́n fi ń hun softshell, wọ́n á sì hun ún típẹ́típẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọlé bó ṣe wù ú. Wọ́n sábà máa ń fi òwú tó ń fà sí i, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè na apá dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi kẹ́míkà tó ń lé omi pa á lójú, tí omi á fi máa yí dànù lórí rẹ̀ bí ìgbà tó bá kán sórí ewé kókò.

Aṣọ òjò gidi ní tirẹ̀ máa ń ní awọ tín-ínrín láàárín, irú èyí tí Bob Gore ṣàwárí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Gore-Tex. Ọ̀pọ̀ softshell tó fúyẹ́ kò ní awọ yìí rárá. Ohun tó mú kí òógùn tètè jáde nínú rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí kò sì jẹ́ kó lè dúró de òjò ńlá náà nìyẹn.

Omi kọ́kọ́ dán an wò

Nínú láàbù, wọ́n á na aṣọ náà sórí férémù, wọ́n á sì gbé e ní ìdagẹ̀rẹ̀, ní ìwọ̀n 45°. Wọ́n á wá da mìlílítà 250 omi sí i láti inú ẹnu ṣáwà kékeré kan tó fi mìlímítà 150 ga jù ú lọ. Tó bá tán, wọ́n á gbá férémù náà mọ́ nǹkan líle kí omi tó ṣì rọ̀ mọ́ ọn já bọ́, wọ́n á sì wo ojú aṣọ. Èyí tí omi kò mu rárá gba 100. Èyí tó rin gbindin tojú tẹ̀yìn gba òdo.

Ìdánwò kejì le ju ìyẹn lọ. Wọ́n á máa fi omi ti aṣọ náà, wọ́n á máa fi agbára kún un, títí omi á fi yọ ní ojú mẹ́ta lódìkejì. Ibi tó bá dé ni wọ́n ń fi mìlímítà kà. Aṣọ òjò máa ń polówó 10,000 tàbí 20,000. Softshell tí kò ní awọ kò lè débẹ̀. Bí okùn báàgì bá tilẹ̀ ń tẹ èjìká, omi lè tibẹ̀ wọlé.

Òógùn ńkọ́?

Ẹ̀rọ kan wà tó ń làágùn bí ènìyàn. Irin pẹlẹbẹ tó ní ihò wínníwínní ni, wọ́n á mú un gbóná dé 35°C, omi á sì máa sun sí i lábẹ́. Wọ́n á tẹ́ aṣọ lé e lórí, wọ́n á sì wo bí aṣọ náà ṣe ń dí ooru omi yẹn lọ́nà tó. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Èyí tí kò tó 6 dára gan-an, èyí tó ju 20 lọ á mú ooru fún ènìyàn.

Òfin ti dá sí i

Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi kẹ́míkà PFAS lé omi kúrò lára aṣọ. Wàhálà rẹ̀ ni pé kì í jẹrà bọ̀rọ̀ nínú ilẹ̀ àti omi. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025 ni ìpínlẹ̀ California ti fòfin de títa aṣọ tuntun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí, ṣùgbọ́n wọ́n fún aṣọ tí wọ́n ṣe fún òjò líle láyè di ọdún 2028. Àwọn kẹ́míkà tó rọ́pò rẹ̀ ń lé omi, àmọ́ wọn kò kojú epo àti ìdọ̀tí tó o. Nítorí náà, máàkì tí aṣọ gbà lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ léraléra ló yẹ ká béèrè, kì í ṣe ti ọjọ́ tó jáde tuntun.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ara aṣọ náà, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá tó. Ẹ na apá sókè, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ̀yìn yín ṣí sílẹ̀. Tí omi kò bá yí dànù lórí rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn fífọ̀, ooru díẹ̀ láti inú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ lè jí kẹ́míkà náà padà, bí ìwé ara rẹ̀ bá fàyè gbà á. Fún afẹ́fẹ́ àti òjò wẹliwẹli, softshell tó fúyẹ́ ti tó. Fún òjò ńlá, ẹ ká aṣọ òjò gidi sínú báàgì.