Ṣọ́ọ̀kì tó kú kì í pariwo: ohun tí ọ̀nà ilẹ̀ Tatonnonkon ń fojú mọ́tò rí

Bí abẹ́ mọ́tò bá ti ń dún gbà-gbà-gbà, ohun àkọ́kọ́ tí awakọ̀ máa ń sọ fún mẹkáníìkì ni pé, "Ọ̀gá, ṣọ́ọ̀kì mi ti lọ." Ọ̀gá á ki jáàkì sábẹ́ rẹ̀, á tú méjì sílẹ̀, á de méjì míì sí i, owó á sì jáde lápò. Bí mọ́tò bá padà dójú ọ̀nà, ariwo àná ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n fi jẹ ṣọ́ọ̀kì níyà. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú pátápátá lè wà lábẹ́ mọ́tò fún ọdún kan láì dún pínpín, ọjọ́ tí ewúrẹ́ bá já sójú ọ̀nà lójijì ni awakọ̀ á tó mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́.

Tatonnonkon jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn arrondissement mẹ́fà tó para pọ̀ di commune Adja-Ouèrè, ní ẹkùn Plateau ní ilẹ̀ Benin. Ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Àjàṣẹ́ gba Ṣàkẹ́tẹ́ lọ sí Pọ́bẹ̀ àti Kétu ni òpómúléró agbègbè náà. Ẹni tó bá yà kúrò lórí ọ̀dà, ilẹ̀ lásán ló kù, oríṣi ilẹ̀ méjì ló sì ń dúró dè é. Ilẹ̀ pupa wà lórí òkè pẹrẹsẹ, níbi tí ọ̀pẹ ti pọ̀. Ilẹ̀ dúdú wà ní ibi tó rẹlẹ̀, ní ìhà àwọn Ọ̀họ̀rí, nínú ilẹ̀ ọ̀gbun tí wọ́n ń pè ní Lama tó la gúúsù Benin kọjá títí dé ìtòsí ààlà Nàìjíríà. Amọ̀ dúdú yìí máa ń mu omi sáàárín àwọn ìpele rẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀, á wú, á lẹ̀ mọ́ táyà. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á sún kì, á sì la débi pé ọwọ́ á wọ inú rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí wọ́n bá tẹ́ sórí ilẹ̀ tó ń wú tó ń sún kì báyìí kò lè tẹ́jú pẹ́. Ká má tíì sọ tàwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó wà ní Massè, nínú commune Adja-Ouèrè kan náà, ń fà wá sí agbègbè náà.

Ilẹ̀ pupa ní tiẹ̀ máa ń sọ ara rẹ̀ di ebè. Gbogbo ẹni tó bá ti gun mọ́tò lójú ọ̀nà ilẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí mò ń wí: àwọn òkè kéékèèké tó dábùú ọ̀nà, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n ń mú eyín gbọ̀n lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àwọn mọ́tò tí ṣọ́ọ̀kì wọn ti bàjẹ́ ló ń gbẹ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2007, àwọn onímọ̀ físíìsì mẹ́ta, Nicolas Taberlet, Stephen Morris àti Jim McElwaine, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Physical Review Letters. Wọ́n da iyanrìn sínú àwo ńlá kan tó ń yí, wọ́n sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kékeré máa yí lórí rẹ̀. Ebè yọ. Wọ́n yọ sípíríǹgì kúrò, ebè ṣì yọ. Ohun kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kó yọ ni pé kí ẹsẹ̀ náà rọra lọ gan-an, ní ìwọ̀n eré tó lọ́ra débi pé kò sí awakọ̀ tó máa gbà láti fi lọ sọ́jà Ìkpìnlẹ̀ tó wà ní Adja-Ouèrè. Eré ló ń kọ ebè. Ṣọ́ọ̀kì kò jẹ̀bi ebè, òun ló ń jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìyà náà. Ká ní àárín ebè kan sí èkejì jẹ́ 70 sẹ̀ǹtímítà. Mọ́tò tó ń sá 30 kìlómítà ní wákàtí kan ń kọjá lórí ebè bíi méjìlá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ mọ́tò àti táyà rẹ̀ fúnra wọn máa ń fò sókè sódò tí nǹkan bá gbá wọn kò ju nǹkan bí 10 sí 15 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Ọ̀nà àti ẹsẹ̀ mọ́tò wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó ijó kan náà, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé gbogbo bóòtù fẹ́ tú lórí eré yẹn. Àwọn awakọ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ láì kàwé: wọ́n á tẹ iná, mọ́tò á dé 60 tàbí 70, ara á sì balẹ̀. Ara balẹ̀ lóòótọ́, torí pé orí àwọn ebè nìkan ni táyà ń tẹ̀, kò ráyè sọ̀ kalẹ̀ sáàárín wọn mọ́. Táyà tí kò fara kan ilẹ̀ dáadáa kò lè dúró, kò sì lè yà. Ní ti ṣọ́ọ̀kì, kò sí ìsinmi fún un nínú eré méjèèjì: ní kìlómítà kan, ẹ̀ṣẹ́ tó ju 1,400 lọ ló ń gbà.

Kí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀? Sípíríǹgì ló gbé mọ́tò dúró, òun náà ló ń gba ẹ̀ṣẹ́ kòtò. Àmọ́ gbogbo agbára tí kòtò bá tẹ̀ sínú sípíríǹgì ló máa dá padà, tí a bá sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan, á máa ti mọ́tò sókè sódò. Ṣọ́ọ̀kì ni kì í jẹ́. Agolo irin tí epo wà nínú rẹ̀ ni, pístìn tó ní ihò tín-ín-rín ń lọ sókè sódò nínú epo náà. Epo kì í fẹ́ gba ihò tóóró kọjá kíákíá, ìjàkadì yẹn ló ń sọ ìfò mọ́tò di ooru. Epo tó bá gbóná tó sì ń jà kíkankíkan máa ń hó di fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù kò sì lè di nǹkan kan mú. Nítorí èyí ni Christian Bourcier de Carbon, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé, fi ṣe ṣọ́ọ̀kì tí afẹ́fẹ́ gáàsì tó le ń tẹ epo inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ṣọ́ọ̀kì tó ní gáàsì ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, ẹ rántí rẹ̀, torí a ó padà sọ̀rọ̀ lórí ewu rẹ̀.

Mọ́tò tí àwọn àgbà ní agbègbè yìí ṣì ń dárò ni Peugeot 504. Ọdún 1968 ló jáde ní Faransé, ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kàdúná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó lè sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò jíjìn kí ara mọ́tò tó mọ̀, èyí tó sì gùn lẹ́yìn, tí wọ́n fi ń kó èrò, ní sípíríǹgì méjì-méjì lẹ́yìn lọ́tùn-ún lósì. Àwọn Toyota tòkúnbọ̀ tó ń gba èbúté Kútọnu wọlé lónìí, ọ̀dà ni wọ́n ṣe wọn fún. Níwájú wọn, ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì ti di ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí Earle MacPherson ṣe là á kalẹ̀ nínú àwọn mọ́tò Ford ní nǹkan bí 1950. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì yẹn náà ló tún ń di ẹsẹ̀ mọ́tò mú ní ìdúró. Tó bá jẹ, ìdarí mọ́tò ti bá a lọ.

Ó wá ku bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò tí gbogbo ayé mọ̀ ni kí ẹ fi ìwúwo ara yín tẹ igun mọ́tò mọ́lẹ̀, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó dìde lẹ́ẹ̀kan, kó sì dúró. Tó bá ń fì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ṣọ́ọ̀kì yẹn ti kú. Àmọ́ tó bá yege, ẹ má tíì yọ̀. Ọwọ́ èèyàn ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ebè kì í tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ní Yúróòpù máa ń gbọn táyà nígbà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, á sì wo bí táyà ṣe rọ̀ mọ́ ilẹ̀ tó. Kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ìgbèríko, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹlẹ́bè fúnra rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù nìyí: tí ẹ bá ti wa mọ́tò lórí ọ̀nà burúkú fún bí ìdajì wákàtí, ẹ dúró, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan díẹ̀. Ìfò ló ń di ooru. Èyí tó bá gbóná ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá tutù nígbà tí ẹnì kejì rẹ̀ gbóná ti fẹ̀yìn tì, bó ti wù kó máa dán tó. (Ẹ ṣọ́ra, ó lè jóni.)

Ẹ tún wo táyà. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án yí po. Tó bá jẹ níbì kan, tó ga níbì kan, tó tún jẹ níbòmíì, ó ti ń fò lójú ọ̀nà nìyẹn. Ẹ wo ara ṣọ́ọ̀kì náà: eruku tó tutù díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn, epo tó ń ṣàn sílẹ̀ ni ẹ̀sùn. Bí imú mọ́tò bá sì ń forí balẹ̀ gbàgà nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, àmì kan náà ni.

Gbogbo àmì wọ̀nyí, kò sí ìkankan tó jẹ́ ariwo nínú wọn. Àwọn tó ń pariwo ni rọ́bà àti oríkèé. "Kọ́-kọ́-kọ́" kéékèèké lórí ebè sábà máa ń jẹ́ línkéèjì, irin tín-ín-rín tó so ẹsẹ̀ mọ́tò mọ́ ọ̀pá irin tó so ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ṣọ́ọ̀kì. "Gbọ̀ọ̀" ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì tàbí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra sábà máa ń jẹ́ búṣì apá ìsàlẹ̀, èyí tí mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ lédè Faransé ń pè ní silentbloc. "Kéré-kéré" nígbà tí ẹ bá ń yí sítíárìn níbi tí mọ́tò dúró sí: rọ́bà orí ṣọ́ọ̀kì, tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ìyẹn rotule. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Ẹ gbé ara mọ́tò sókè kí ẹsẹ̀ rọ̀, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín, kí ẹnì kejì máa wo oríkèé náà. Tó bá ń yẹ̀, ẹ má wà á lọ sílé. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó bá já lórí eré, táyà á ká sábẹ́ mọ́tò.

Àtúnṣe ní òfin tirẹ̀. Méjì-méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ọ̀tún àti òsì papọ̀, torí pé tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó á máa fa mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Níwájú, wọ́n gbọ́dọ̀ ká sípíríǹgì kò kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀. Sípíríǹgì iwájú mọ́tò kékeré ń gbé nǹkan bíi 300 kìlógíráàmù. Ẹni tó bá fi wáyà tàbí okùn dì í dípò irinṣẹ́ rẹ̀ ń fi ojú àti àgbọ̀n rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Àṣìṣe tó sì wọ́pọ̀ jù ni ti búṣì: wọ́n á fún bóòtù rẹ̀ le nígbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò ṣì ń rọ̀ lórí jáàkì. Bí mọ́tò bá sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà náà á lọ́ po, á wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ títí á fi ya. Ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fún un le. Búṣì tuntun tó ya láàárín oṣù díẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ayédèrú.

Àwọn kan ń lu ihò sára ṣọ́ọ̀kì tó ti jo, wọ́n á da epo sí i, wọ́n á sì fi iná jó o pa. Epo lè dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jo náà kò tíì yí padà. Tó bá wá jẹ́ pé gáàsì wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi iná kàn án: ó lè bú gbàmù. Ẹni tí kò lówó tuntun lè ra tòkúnbọ̀, kó gbé e dúró lóòró, kó tẹ̀ ẹ́, kó fà á. Ó yẹ kó wúwo lọ́wọ́ bákan náà láti òkè délẹ̀. Tó bá rọ̀ bọ̀kẹ́ níbì kan lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ nígbà bíi mélòó kan, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ìtòsí ààlà mú àrùn mìíràn wá. Mọ́tò tí wọ́n ń fi ṣe fàyàwọ́, ẹ mọ̀ ọ́n láti òkèèrè: ìdí rẹ̀ ga fíofío nígbà tí kò bá rẹrù, torí sípíríǹgì líle tí wọ́n fi kún un. Àwọn takisí tó ń kó èrò kọjá iye tó yẹ náà ń kọ́ ọgbọ́n yìí. Sípíríǹgì tó le jù ń dá agbára tó pọ̀ jù padà, ṣọ́ọ̀kì àtilẹ̀wá kò sì ní apá tó lè dá a dúró, ni mọ́tò bá ń tàkìtì. Sípíríǹgì aláwẹ́ ti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ló rọrùn jù láti tún ṣe, tó bá sì ṣẹ́ tán, kì í ṣòfò, alágbẹ̀dẹ á gbà á, á fi rọ àdá.

Ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ dúdú ní iṣẹ́ kan sí i. Kó fọ amọ̀ kúrò lára irin dídán ṣọ́ọ̀kì kó tó gbẹ, kó sì pààrọ̀ rọ́bà tó bo irin náà tó bá ti ya. Amọ̀ gbígbẹ ló ń ha irin, irin tó ti ha ló ń ya rọ́bà tó dí ẹnu ṣọ́ọ̀kì, ibẹ̀ ni epo ń gbà jáde.

Ní ti ọ̀nà, òfin Benin ti fi ìtọ́jú àwọn ọ̀nà tó jẹ́ ti commune lé commune lọ́wọ́ láti 1999. Kátàpílà tó bá kàn ha orí ebè kúrò ní ìgbà ọyẹ́, tó da eruku rẹ̀ padà sínú kòtò, iṣẹ́ asán ló ṣe, ebè yóò tún yọ níbi tó ti yọ tẹ́lẹ̀. Ó ní láti gé ilẹ̀ jìn ju ìdí ebè lọ, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà nínú rẹ̀. Àkókò tó dára fún èyí ni ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, kí ẹ̀kún omi tó dé. Ẹ̀yin ará Tatonnonkon, ẹ bi àwọn aṣojú yín ní Adja-Ouèrè bóyá oṣù yẹn ni wọ́n kọ sínú ètò wọn.