Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìwé àwòrán àti apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ wá ìwé Baby Goes to Market, èyí tí Atinuke, ọmọ bíbí Ìbàdàn, kọ, tí Angela Brooksbank sì ya àwòrán rẹ̀. Ọdún 2017 ló jáde. Nínú ìtàn náà, ìyá kan pọn ọmọ lọ ọjà. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ fún ọmọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà. Ó jẹ ọ̀kan, ó ju márùn-ún sínú apẹ̀rẹ̀ orí ìyá rẹ̀. Ìyá ò tiẹ̀ fura!

Ẹ má kàn kà á kí ẹ pa á dé. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, kí ẹ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà síwájú ọmọ yín. Kó jẹ ọ̀kan, kó kó ìyókù sínú apẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ bi í pé, “Ó ku mélòó?” Bó bá ṣì í, ẹ má sáré dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kó dà á sílẹ̀, kó tún un kà. Ìṣirò tó fọwọ́ kàn, tó tún jẹ nínú rẹ̀, ló máa ń yé ọmọdé.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ́n? Kóró àgbálùmọ̀ náà ṣeé lò, bí ọmọ bá ti dàgbà kọjá ẹni tó ń ki gbogbo nǹkan bọnu.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yin ẹ di ọmọ, kí òun di ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀.