Pápá gọ́ọ̀fù kékeré lẹ́yìnkùlé: Abẹ́ koríko oníke lowó wà

Ohun tí yóò mú kí èrò ọ̀nà yà, kí wọ́n sì jókòó pẹ́ díẹ̀, ni ẹni tó ní ilé ìtura, ilé oúnjẹ tàbí gbọ̀ngàn àríyá ní Jobele, Fìdítì àti Ìlọrà ń wá. Ẹni tó bá ní àyè lẹ́yìnkùlé lè sọ ọ́ di pápá gọ́ọ̀fù kékeré tí wọ́n fi koríko oníke tẹ́. Kì í ṣe odindi pápá gọ́ọ̀fù bíi ti IITA n'Ìbàdàn là ń sọ o. Ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá rọra ta bọ́ọ̀lù sínú ihò lásán ni. Ọmọdé lè ṣe é, àgbà lè ṣe é, kò sì dìgbà téèyàn bá mọ gọ́ọ̀fù gbá tẹ́lẹ̀.

Koríko oníke kì í ṣe nǹkan tuntun. Ọdún 1966 ni wọ́n tẹ́ ẹ sí pápá Astrodome nílùú Houston, l'Amẹ́ríkà, nígbà tí koríko gidi kú lábẹ́ òrùlé ibẹ̀. Nàìjíríà náà lò ó nígbà tí ìdíje àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ wáyé nílẹ̀ wa lọ́dún 2009. Nígbà kan rí, iyanrìn tí wọ́n da ọ́ìlì sí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ agbágọ́ọ̀fù nílẹ̀ wa ń tẹ́ yí ihò ká, nítorí wàhálà tó wà nínú kí koríko tútù máa yè lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Ti oníke kò nílò omi, kò sì nílò gígẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ibi tí owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wọlẹ̀ ni pé wọ́n á tẹ́ koríko náà sórí ilẹ̀ lásán. Tí òjò oṣù kẹfà bá dé, omi á dúró sábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ á wọ̀ níbì kan, á ga níbòmíràn, bọ́ọ̀lù kò sì ní í yí dáadáa mọ́. Èèkan pàápàá lè gún un yọ látìsàlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ kọ́kọ́ hú gbogbo koríko àti gbòǹgbò ibẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà wọlẹ̀ ní íǹṣì 4. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ láti kúárì síbẹ̀, kó nípọn tó íǹṣì 3, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ gún un mọ́lẹ̀. Ẹ wá fi lúbúlúbú òkúta, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní sítóòndọ́ọ̀sì, tẹ́ orí rẹ̀ ní íǹṣì 1, kẹ́ ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ sì tún gún un. Ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dà díẹ̀: nínú ẹsẹ̀ bàtà 10, kó fi íǹṣì 1 sí 2 rẹlẹ̀, kí omi lè rí ọ̀nà lọ.

Ìgbà yìí ni wọ́n ń ri ife ihò mọ́lẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ́ koríko tán. Íǹṣì 4 àti ìdá mẹ́rin íǹṣì ni fífẹ̀ ihò gọ́ọ̀fù káàkiri ayé. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí omi má baà dúró nínú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra níbi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ ra koríko. Èyí tí wọ́n ń tẹ́ síwájú ilé gùn tó mìlímítà 30 sí 40, bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kò sì ní í yí lórí rẹ̀. Èyí tó kúrú, tó wà láàárín mìlímítà 10 sí 15, tí irun rẹ̀ sì ki, lẹ máa béèrè. Ẹ béèrè bóyá ó lè gba oòrùn láìṣá.

Ẹ tún wo fífẹ̀ róòlù kẹ́ ẹ tó wọn ilẹ̀. Tí róòlù bá fẹ̀ ní mítà 2, pápá tó fẹ̀ ní mítà 6, tó gùn ní mítà 9, yóò gba ẹyọ 3 géérégé. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá fi ìlàjì mítà kún fífẹ̀ rẹ̀, ẹ ní láti ra ẹyọ kẹrin, ẹ ó sì gé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù. Pápá mítà 6 sí 9 yìí yóò gba òkúta àti sítóòndọ́ọ̀sì tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 11. Ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́, kí irun gbogbo rẹ̀ kọjú síbì kan náà, kẹ́ ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá iyanrìn gbígbẹ wọ inú rẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ máa gbá eruku ọyẹ́ àti ewé kúrò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹlẹ́ran súyà dáná nítòsí rẹ̀, nítorí ike ni, yíyọ́ ló máa yọ́. Oòrùn ọ̀sán máa ń mú kó gbóná ju koríko gidi lọ, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni ọjà rẹ̀.

Ó ku ìṣirò. Ká ní gbogbo ìnáwó náà jẹ́ mílíọ̀nù 2 náírà, tí ẹni kọ̀ọ̀kan sì ń san 1,000 náírà. Èèyàn 2,000 gbọ́dọ̀ san kí owó yẹn tó padà wálé. Tó bá jẹ́ èèyàn 20 ló ń wá lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 100 nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó pé ọdún 2, láìtíì ka ọ̀sẹ̀ tí òjò bá bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣe ọ̀fẹ́ fún oníbàárà, èrè orí oúnjẹ àti ọtí tó bá tà lé ti tẹ́lẹ̀ ni kó kà, kì í ṣe gbogbo owó tó bá wọlé.

Ẹni tí kò bá dá lójú lè ra ẹyọ kan tó fẹ̀ ní mítà 2, tó gùn ní mítà 5, kó tẹ́ ẹ sórí kọnkéré tó ti wà nílẹ̀, kó fi oṣù 3 wo bí àwọn èèyàn ṣe ń yà síbẹ̀. Bí wọn kò bá yà, koríko mítà díẹ̀ ló bá a lọ, kì í ṣe tọ́ọ̀nù 11 òkúta.