Abẹ́rẹ́ Kúróṣéè Tí Ó Rọ Ọwọ́ Lọ́rùn

Láti ìgbà tí ìjọ CMS ti dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1869 ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ti wà lára ẹ̀kọ́ ní ìlú wa. Àwọn ọmọ wa ṣì ń hun kúróṣéè, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń pa á tì nítorí pé ọrùn-ọwọ́ ń dùn wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, abẹ́rẹ́ ni kò bá ọwọ́ mu.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ti Èbúté Èrò yà sí Ìdúmọ̀tà láti ra abẹ́rẹ́ náà, ẹ mú ọmọ dání, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò. Mìlímítà 5 dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, pẹ̀lú òwú tó nípọn díẹ̀. Irin tín-ín-rín a máa mú kí ìka fún un jù. Èyí tí èèkù rẹ̀ sanra a máa tu ọwọ́ lára. Òwú a máa yọ̀ lórí alumíníọ̀mù, ṣùgbọ́n kì í tètè yọ̀ lórí ọparun.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń dì í mú: bíi kálàmù, tàbí bíi ọ̀bẹ, tí àtẹ́lẹwọ́ yóò bò ó. Ti kálàmù, ìka ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ti ọ̀bẹ, ọrùn-ọwọ́ àti apá ni. Méjèèjì ló tọ̀nà, nítorí náà, ẹ má ṣe fi ipá yí ti ọmọ padà. Bí ọwọ́ bá ń dùn ún, kí ó sinmi, kí ó sì gbìyànjú ọ̀nà kejì.

Ọwọ́ ni Dọ́káàsì fi rán ẹ̀wù fún àwọn opó ní Jópà. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú ọwọ́ àwọn ọmọ wa.