Lẹ́yìn Tí Odídẹrẹ́ Wa Kú

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 2018, nínú ilé wa ní London, mo gbé páànù ka iná kí n lè dín ẹyin fún àwọn ọmọ. Bí mo ti fẹ́ da òróró sí i ni tẹlifóònù dún. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti pè, ẹ sì mọ bí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ti máa ń pẹ́ tó. Nígbà tí mo fi padà dé, páànù náà ti gbóná janjan. Mo pa iná, mo ṣí fèrèsé, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí odídẹrẹ́ wa, tí àgò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, fi já bọ́ láti orí igi tí ó ń bà lé. Kí bàbá àwọn ọmọ mi tó rí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ti kú.

Àwọn àgbà wa a máa gbàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Tiwa kò kú sóko. Inú ilé ni ó kú sí, láti ọwọ́ ẹni tí ń fún un ní oúnjẹ.

Olùkàwé wa ọ̀wọ́n, kí ẹ tó sọ pé ẹyẹ ṣá ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a pàdánù. Ní ọdún 2010 ni ìyá ọkọ mi wá láti ilé wá bá wa wẹ ọmọ wa kejì. Oṣù méje ni màmá lò. Láràárọ̀ ni wọn yóò dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọn yóò wúkọ́ díẹ̀, wọn yóò sì ké sókè pé, “Ọmọ mi, o ti jí? Ṣé o ti jẹun?” Odídẹrẹ́ ń gbọ́. Màmá padà sílé, wọ́n sì sùn nínú Olúwa ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni ohùn wọn ń jáde láti inú àgò yẹn, àti ikọ́ náà pẹ̀lú. Ọmọ tí màmá wẹ̀ kò rántí ojú wọn. Ohùn yẹn ni ó mọ̀ sí ìyá àgbà.

Dókítà ẹran ni ó là á yé wa pé páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ ni ó fa á. Bí ó bá gbóná kọjá ààlà, ohun tí wọ́n fi bo inú rẹ̀ a máa tú èéfín olóró jáde, ènìyàn sì lè má gbóòórùn rẹ̀ rárá. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kò rí bíi tiwa. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá nínú rẹ̀ láìdúró, ìdí nìyí tí oró fi tètè ń mú un. Abájọ tí àwọn awakùsà èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí fi ń gbé ẹyẹ kánárì wọ inú ilẹ̀ títí di ọdún 1986, kí ẹyẹ lè kọ́kọ́ mọ̀ bí afẹ́fẹ́ búburú bá wà.

Mo mọ gbogbo èyí, n kò sì sọ fún ọmọ. Mo ní ẹyẹ náà ṣàìsàn ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án ni mo gbọ́ ọ lórí eékún rẹ̀ tí ó ń bẹ Ọlọ́run kí ó dárí ji òun, nítorí bísíkíìtì tí òun fún ẹyẹ náà jẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin ìyá, ẹsẹ̀ mi kò gbà mí mọ́. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ní, “Mọ́mì, páànù náà dà?” Ó ṣì wà ní ilé ìdáná. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé e jù sínú ìdọ̀tí.

Bàbá wọn fẹ́ ra odídẹrẹ́ mìíràn. Èmi kò fẹ́. Ẹyẹ tí ó lè lo 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe ohun tí à ń rà láti fi nu omijé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ti jí kó nínú igbó Áfíríkà, títí àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní CITES fi de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Ọmọ wa ni ó parí ọ̀rọ̀: “Kò ní mọ ohùn ìyá àgbà.”

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe yan fíńṣì, irú èyí tí Òyìnbó ń pè ní zebra finch. Ilẹ̀ Australia ni ó ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sìn ín nínú àgò. Ó kéré ju ológoṣẹ́ lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 12. Àgógó rẹ̀ pupa. Akọ ní àmì bí àwọ̀ ọsàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, abo kò ní. Kì í sọ̀rọ̀, kò sì fẹ́ kí a gbá òun mú. Ohun tí a fẹ́ gan-an nìyẹn, ẹyẹ tí kò ní jọ èyí tí ó lọ. Méjì ni a rà, nítorí ìdánìkanwà kò bá wọn lára mu. Ẹ wá àgò tí ó gùn, kì í ṣe èyí tí ó ga, torí ìbú ni wọ́n ń fò. Jéró ni oúnjẹ wọn, pẹ̀lú ewébẹ̀ tútù díẹ̀ àti omi tí wọn yóò máa fi wẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ ọmọ, ẹ má fún wọn ní ìtẹ́, nítorí abo a máa yé ẹyin títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ pátápátá. Àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí àgò jìnnà sí ilé ìdáná. Páànù irin ni mo ń lò báyìí.

Ní ọdún 2020 a gbé ìtẹ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan. Akọ àti abo jọ ń sàba, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí mẹ́ta tó pa. A fi méjì ta àwọn ará lọ́rẹ, a sì fi akọ kan sílẹ̀. Akọ nìkan ní ń kọrin nínú wọn, ẹnu bàbá rẹ̀ ni ọmọ sì ti ń kọ́ ọ kí ó tó pé oṣù mẹ́ta.

Bàbá náà kú ní ọdún 2024. Kò sí ẹni tí ó ṣe é, ọjọ́ rẹ̀ ni ó pé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ wa ṣí aṣọ lórí àgò, ó dúró, ó sì ké sí mi láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn pé, “Mọ́mì, ẹ wá gbọ́. Orin bàbá rẹ̀ ni ó ń kọ.”