Ẹ̀fọn àbí Ẹfọ̀n? Kí Ẹ Tó Lọ Sùn Nínú Igbó

Àwọn kan nínú kíláàsì wa fẹ́ wá sun ọjọ́ méjì ní abà ẹbí mi lẹ́yìn ìlú Èsìẹ́, kí wọ́n sì yà wo àwọn ère òkúta tó lé ní 1,000 ní ilé ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945. Bàbá mi àgbà, tó ti ṣọdẹ rí, sọ ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣètò ìrìnàjò náà tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp báyìí: "Efon po nibe o. Oka wa leba aba."

Ọ̀rẹ́ mi kan bèèrè bóyá ẹfọ̀n kò ní fi ìwo gbé òun. Òmíràn ní òun ò ní gbé gàárì dání mọ́, torí ọkà ti wà.

Ẹ̀fọn ni kòkòrò tó ń gbé ibà kiri: ohùn ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn àárín. Ẹfọ̀n ni ẹranko oníwo tó dà bí màlúù: àárín ló ṣáájú, ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì wọn kò yàtọ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá kò lè ṣì í gbọ́. Orí fóònù ni ohùn ti sọnù.

Ti "oka" tún burú jù, torí àmì abẹ́ náà sọnù. Ọkà ni àmàlà tí àwa Ìgbómìnà ń jẹ. Oká ni ejò olóró tí kì í tètè sá fún ènìyàn. Ó máa ń dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ sínú ewé gbígbẹ, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló máa ń ṣán. Ẹni tó ka oká sí ọkà lè fi sálúbàtà jáde lóru láìtan tọ́ọ̀ṣì.

Àwọn ọdẹ ní irú wọn mìíràn: ẹ̀tù ni wọ́n ń rọ sínú ìbọn, ẹtu jẹ́ ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹtù sì jẹ́ ẹyẹ.

Kò sí ẹfọ̀n ní abà wa. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó lọ sí ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ní Kainji, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara àti Niger, níbi tí erinmi ń gbé nínú odò Oli. Níbẹ̀, "E sora fun efon" lè jẹ́ òótọ́ lọ́nà méjèèjì: ọ̀kan ń fẹ́ néẹ̀tì, èkejì ń fẹ́ kí ẹ jókòó sínú ọkọ̀.

Lóòótọ́, a máa ń ka ọ̀pọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì, a sì máa ń lóye rẹ̀, torí àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ń ràn wá lọ́wọ́. Ìkìlọ̀ kì í gùn, kì í sì í fún wa ní ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi àmì sórí orúkọ ẹranko. Bí fóònù yín kò bá gbà á, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún un: "efon to n fa iba", "ejo oka". Bí èyí náà bá nira, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́.